Gbọ́ Ná, Kí O Tó Dáhùn

 

Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí Ọlọ́run fi ṣe ọ̀gá lórí ẹlòmíràn: ìyá aláàdìrẹ ní Ìtòkú, arákùnrin tí ó ní ilé búrẹ́dì, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ní Láfẹ́nwá, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àti télọ̀ tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta péré. Àkókò yìí le fún ọ̀gá, ó sì le fún òṣìṣẹ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ nìkan ń jẹ apá tí ó tóbi nínú owó oṣù ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, òṣìṣẹ́ gbọ́ ìròyìn náà, ọ̀gá náà sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n oníkálukú fi etí tirẹ̀ gbọ́ ọ. Ìjà wá ń pọ̀ níbi iṣẹ́, àwọn ará sì ń gbé e wá sí ọ́fíìsì wa lẹ́yìn ìsìn.

Ohun kan ni a ti ṣàkíyèsí nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ni wọ́n máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti dáhùn kí ó tó sọ ọ́ tán. Ìwé Òwe 18:13 ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí ìwà òmùgọ̀ àti ìtìjú. Àwọn baba wa náà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

ÀWỌN ỌLỌ́PÀÁ TÍ WỌ́N KỌ́ LÁTI GBỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀mí ènìyàn ti wà nínú ewu, kí a lè rí ohun tí gbígbọ́ lè ṣe.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn agbébọn wọ ibùgbé àwọn eléré ìdárayá, wọ́n sì mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní ìgbèkùn. Àwọn ọlọ́pàá gbìyànjú láti fi ìbọn gbà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọmọ Ísírẹ́lì 11 ni ó ti kú, pẹ̀lú ọlọ́pàá Jámánì kan. Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù ba àwọn ọlọ́pàá káàkiri ayé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ńkọ́?

Kò pẹ́ tí ó fi ṣẹlẹ̀ ní New York. Ní oṣù kìíní ọdún 1973, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ó dìhámọ́ra há mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Brooklyn pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí wọ́n bá níbẹ̀. Ọlọ́pàá kan kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà náà, inú sì ń bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀ wọn kò já wọlé. Wọ́n dúró, wọ́n ń wá ọ̀nà àtibá àwọn tí ó wà nínú ilé sọ̀rọ̀, fún wákàtí 47. Gbogbo àwọn tí a há mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù náà ni ó jáde láàyè, àwọn ọkùnrin náà sì túúbá. Ní ọdún yẹn kan náà ni Harvey Schlossberg, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọkàn ènìyàn, àti ọ̀gá ọlọ́pàá Frank Bolz kó àwọn ọlọ́pàá kan jọ tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Gbólóhùn tí ẹgbẹ́ wọn mú fún àmì kò ju pé: Bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní FBI to iṣẹ́ náà bí àtẹ̀gùn márùn-ún. Èkíní, gbọ́ ọ. Èkejì, jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohun tí ó ń dùn ún yé ọ. Ẹ̀kẹta, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán ọ. Ẹ̀kẹrin, ìgbà yìí ni o tó lè gbà á nímọ̀ràn. Ẹ̀karùn-ún, ìwà rẹ̀ yóò yí padà. Ní ọdún 2016, Chris Voss, tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún FBI rí, kọ ìwé tí ó fi kọ́ àwọn oníṣòwò ní ọgbọ́n kan náà, ìwé náà sì tàn ká.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àtẹ̀gùn náà wò. Orí èwo ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀gá ti ń bẹ̀rẹ̀? Orí ẹ̀kẹrin ni. Òṣìṣẹ́ kò tí ì la ẹnu tán, a ti ń gbà á nímọ̀ràn, a ti ń sọ fún un bí àwa náà ṣe jìyà nígbà tí a wà lọ́mọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fo àtẹ̀gùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀.

OBÌNRIN TÍ Ó DÚRÓ LÓRÍ ODI

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Bíbélì. Ẹ ṣí 2 Sámúẹ́lì 20, láti ẹsẹ 14. Jóábù kó ogun ti ìlú Ábẹ́lì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ti ń wó odi ìlú náà lọ́wọ́. Obìnrin ọlọgbọ́n kan ké láti orí odi pé kí wọ́n pe Jóábù wá. Nígbà tí ó súnmọ́ tòsí, obìnrin náà kò bú u. Ó kọ́kọ́ bèèrè bí ó bá jẹ́ òun ni Jóábù lóòótọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó gbọ́ tirẹ̀, Jóábù sì gbà. Ó wá bi í ní ohun tí ó dé tí ó fi fẹ́ pa ìlú tí ó jẹ́ ìyá ní Ísírẹ́lì run.

Ìgbà náà ni òtítọ́ jáde. Jóábù ní kì í ṣe ìlú ni òun ń wá. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Ṣébà ọmọ Bíkírì, tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí Dáfídì ọba, ni òun ń wá. Ẹ wo bí odi ìṣá ti fẹ́ wó, tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fẹ́ ṣòfò, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì bèèrè! A mọ bí ọ̀rọ̀ Ṣébà ṣe parí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gé orí ẹnikẹ́ni o. Ohun tí a ń fà yọ ni pé ohun tí ẹni tí ó ń bínú ń wá lè kéré jìnnà sí ohun tí à ń bẹ̀rù pé ó ń wá. Bí a kò bá bi í, a kò lè mọ̀.

Olúwa wa Jésù fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Máàkù 10, afọ́jú Bátíméù ń ké lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ta ni kò mọ ohun tí afọ́jú ń fẹ́? Síbẹ̀ ní ẹsẹ 51, Jésù bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe fún un. Olúwa tí ó mọ ohun gbogbo bèèrè. Kí ni àwa tí a kò mọ̀ ń kánjú sí?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AKÉ

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa níbí náà, a ní ẹ̀kọ́ tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ní ayé ìjọba àwọn òyìnbó, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 15 ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tí yóò san án, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró títí di ọdún 16. Ní ìgbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Oníṣòwò ni àwọn obìnrin wọ̀nyí: aláàdìrẹ, alátà, onírẹsì. Ìnira wọn sì pọ̀.

Ta ni ó kọ́kọ́ gbọ́ wọn? Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni, aya àlùfáà, ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School, tí ó sì ti kàwé dé ìlú òyìnbó. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ni ó ń darí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1944, àwọn obìnrin ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé kíkà, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́jà. Ó fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wé gèlè. Yorùbá ni ó sì ń sọ, àní níwájú àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó pàápàá, kí àwọn obìnrin náà lè gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ nípa wọn. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Àwọn obìnrin yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Wọ́n rán aṣojú lọ sí ààfin. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Nígbà tí kò sí ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin kọrin lọ sí Aké, wọ́n sì sun ìta ààfin mọ́jú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, wọ́n tún padà lọ. Ní ọdún 1948, wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà sí i títí di oṣù kejìlá ọdún 1950.

A kò kọ èyí láti bu adé kù. Àṣẹ òyìnbó ni ó wà lẹ́yìn owó orí náà, àárín òyìnbó àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni Kábíyèsí sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí gbogbo ọ̀gá kíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀lé ara wọn: ìwé ni ó kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ àwọn aṣojú tẹ̀lé e, orin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kẹ́yìn. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó tí a lè fi yanjú rẹ̀ ní ọjọ́ ìwé kò lè tó o mọ́ ní ọjọ́ orin.

NÍ ÀGBÀLÁ ALÁÀDÌRẸ KAN

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń ṣe àdìrẹ, ó sì ní òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ aṣọ ẹbí ńlá kan wọlé fún un, iṣẹ́ tí kì í dédé wá ní àkókò yìí tí aṣọ tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ti kún ọjà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oníṣẹ́ wá gbé e, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́ àfi kí owó àwọn lé sí i. Arábìnrin wa gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú òun níbi tí ó ti ń dun òun ni. Ó ní òun yóò lé gbogbo wọn, òun yóò sì pe ọlọ́pàá. Kí ó tó pè wọ́n, ó pè wá.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bẹ ìyá yìí kí ó kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti jókòó, kí ó má sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí le fún un, ṣùgbọ́n ó ṣe é. A kò bi àwọn òṣìṣẹ́ pé, “Ṣé owó lẹ fẹ́?” nítorí “bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn ìyẹn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. A bi wọ́n pé, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fi wá di ọ̀sẹ̀ yìí?”

Wọ́n dákẹ́. Àwa náà dákẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n kọ́ wa dáadáa bí a ti ń wàásù, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni a ti mọ ìwúlò ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá lè fara da ìdákẹ́jẹ́ yóò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ìbá gbà jáde.

Nígbà tí ó pẹ́, àgbà obìnrin kan nínú wọn ní, “Pásítọ̀, ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí.” Ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Kọ́sítíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ aró ti jó o láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ni ó yáwó láti tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá wọn rí i lọ́jọ́ náà, ó ní “pẹ̀lẹ́”, ó sì wọ mọ́tò lọ síbi tí ó ń lọ. Àgbà obìnrin náà ní, “A wá ń rò ó pé, bí ó bá kan àwa náà lọ́la, pẹ̀lẹ́ náà ni.”

Ẹ̀yin ará, ṣé owó ni? Owó wà níbẹ̀, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn ni àwọn jẹ́ lójú ọ̀gá wọn.

Arábìnrin wa fẹ́ ṣàlàyé. A tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀. A ní kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́. Ó wò wọ́n, ó ní, “Ẹ ń sọ pé ọmọ yìí jóná lẹ́nu iṣẹ́ mi, mi ò sì bèèrè rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù wá ń bà yín, ó sì dùn yín, pé iṣẹ́ yín nìkan ni mo rí.” Àgbà obìnrin náà ní, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Mà.” Láti ìgbà tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, ohùn gbogbo wọn rẹlẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ owó tó ṣe é sọ. Ó san owó ìtọ́jú fún ìyá ọmọ náà. Ó ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kejì. Ó ṣí ìwé rẹ̀ fún wọn, ó fi iye tí aró àti aṣọ ti di hàn wọ́n, wọ́n sì fẹnu kò sí àfikún tí kò tó ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, láti ìparí oṣù. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A kò ní pa irọ́ pé ohun gbogbo dùn bí oyin: iṣẹ́ náà fi ọjọ́ kan pẹ́, oníṣẹ́ bínú, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì bá tirẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù méjì. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́jọ wà níbẹ̀ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ jó wà lára wọn.

“BÍ MO BÁ GBỌ́ TIWỌN, ṢÉ WỌN KÒ NÍ GÙN MÍ LÓRÍ?”

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá máa ń bi wá nìyí, ó sì tọ́ kí a dáhùn rẹ̀. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Àwọn ọlọ́pàá tí a sọ̀rọ̀ wọn yìí lè fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí agbébọn. Wọn kì í fi ìbọn ránṣẹ́ sí i. Bí òṣìṣẹ́ bá jalè, gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí o sì ṣe ohun tí ó tọ́. Bí owó kò bá sí, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán, kí o sọ fún un pẹ̀lú pẹ̀lẹ́ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa gbígbọ́ ẹ̀tàn. Ẹlòmíràn yóò mi orí, yóò máa ní “ẹ ṣeun, mo gbọ́”, nígbà tí ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe láti ilé. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 12. Ìnira iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn gbé tọ Rèhóbóámù wá. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, ó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Bí ẹni tí ó ń gbọ́ ni ó rí. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, ó fi ọ̀rọ̀ líle dá wọn lóhùn, ẹ̀yà mẹ́wàá sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí a fi ọgbọ́n gbọ́ láti rẹ́ jẹ yóò mọ̀, kò sì ní bá wa sọ òtítọ́ mọ́.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan tí ń ka ìwé yìí mú òṣìṣẹ́ kan, pàápàá èyí tí kì í sọ̀rọ̀. Jókòó tì í. Pa fóònù rẹ. Bi í ní ìbéèrè tí “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” kò lè tán: “Kí ni ó le jù fún ọ nínú iṣẹ́ yìí?” Bí ó bá dákẹ́, dúró dè é. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, tún un sọ fún un títí yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Má ṣèlérí ohun tí o kò lè ṣe. Lẹ́yìn náà, ṣe ohun kan tí agbára rẹ ká, kí ó tó di ọjọ́ ìsinmi.

Kí baba ilé àti ìyá ilé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ nílé tí wọn kò gbọ́ yóò wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ níta, a kò sì mọ irú ẹni tí yóò bá pàdé.

Bí ìwọ tí ń ka ìwé yìí kò bá sì tí ì fi ayé rẹ fún Jésù, ọ̀dọ̀ Ẹni tí ó dúró gbọ́ igbe afọ́jú ni à ń pè ọ́ sí. Ké pè é lónìí. Yóò gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé o kì í kọ etí dídi sí wa. Fún gbogbo ọ̀gá nínú ìjọ rẹ ní etí tí ń gbọ́ àti ọkàn tí kì í kánjú. Bùkún òwò wọn, tu àwọn òṣìṣẹ́ tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nínú, kí o sì fi àlàáfíà sí gbogbo ibi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti káàkiri. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.